Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ibo Ló Yẹ Ká Kọ Ìdílé Wa Dé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

  Ẹ̀yin ará Gangare nílùú Jos níbí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ali Kazaure, ní ojú ọ̀nà Bauchi, títí dé Bukuru lọ́hùn-ún, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lórí rédíò.   Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kan ilé kọ̀ọ̀kan wa.

Àwọn ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdílé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè ti rí i lórí fóònù wọn: orúkọ bàbá lókè, orúkọ ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà tín-ín-rín tó sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Family tree ni wọ́n ń pè é. Èmi á máa pè é ní àkọsílẹ̀ ìdílé. Iṣẹ́ rere ni, mo sì fẹ́ kí ilé púpọ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kì í pẹ́ yọjú: ibo la máa kọ ọ́ dé? Ṣé ká kọ bàbá àti ìyá nìkan? Ṣé ká kọ gbogbo agbo ilé? Ṣé ká kọ àna, ká tún kọ àna àna? Ẹni tó bá wa gbé títí ó fi di ọmọ ilé ńkọ́?

Ìdáhùn mi rèé, n ó sì tún un sọ kí n tó kúrò níbí: kí àkọsílẹ̀ ìdílé yín má gbòòrò kọjá ibi tí ẹ ti lè rí ẹlẹ́rìí. Orúkọ tí ẹ kò bá rí ẹnì kankan tó lè sọ nǹkan nípa rẹ̀, ẹ má tíì kọ ọ́. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Kí ló dé tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wo bí orúkọ ṣe ń pọ̀. Òbí méjì lẹ ní. Òbí tiwọn jẹ́ mẹ́rin. Àwọn tó bí àwọn yẹn jẹ́ mẹ́jọ. Ìran kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gòkè, iye náà á di ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá gòkè dé ìran kẹwàá, àwọn tó wà ní ìran yẹn nìkan ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ẹ ò tíì ka ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì ka àbúrò, ẹ ò tíì ka ìyàwó kejì àti ẹ̀kẹta tí bàbá fẹ́. Ta ló wà ní Gangare tó lè sọ ìtàn ẹgbẹ̀rún ènìyàn?

Àwọn kan wà láyé tó jẹ́ pé èyí tó tóbi jù ni wọ́n ń lé. Ìkànnì kan ń jẹ́ Geni, ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i fún aráyé, èrò wọn sì ni pé kí gbogbo ọmọ aráyé wà nínú àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kó ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ síbẹ̀ jọ, wọ́n sì yọ ìdílé kan jáde nínú rẹ̀ tí ó so ènìyàn mílíọ̀nù 13 mọ́ra. Ó yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó wà níbẹ̀, ará Yúróòpù àti Àríwá Amẹ́ríkà ni. Kí nìdí? Láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ìwé ni ẹlẹ́rìí tiwọn. Ẹnu àgbà ni ẹlẹ́rìí tiwa, àwọn àgbà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ní ká máa sáré tẹ̀ lé àwọn tó ní ìwé, àròsọ la máa fi dí àyè tí ìwé kò sí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ̀ sílé. Báwo ni Yorùbá ṣe dé Jos? Tánńganran tí wọ́n ń wà nílẹ̀ Plateau ló fa ojú irin wá. Ní ọdún 1914, reluwé kékeré ti ń gbéra ní Zaria wá sí Bukuru. Nígbà tó di ọdún 1927, ẹ̀ka ojú irin ńlá láti Kafanchan wọ Jos. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin, láti Ìjẹ̀bú wọkọ̀ wá. Òmíràn wá ta aṣọ, òmíràn wá ta obì, òmíràn wá ránṣọ, òmíràn wá ṣiṣẹ́ reluwé gan-an. Nítorí náà, nínú ilé Yorùbá kọ̀ọ̀kan ní Gangare, ẹnì kan wà tó kọ́kọ́ dé. Ó lè jẹ́ bàbá àgbà. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà tó tẹ̀ lé ọkọ, tàbí tó dá ọjà tirẹ̀ gbé wá. Ẹ jẹ́ ká pe ẹni náà ní àkọ́dé.

Ọ̀dọ̀ àkọ́dé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. N ó tún un wí: ọ̀dọ̀ àkọ́dé ni, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Odùduwà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ẹ gòkè díẹ̀: bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, agbo ilé tí wọ́n bí i sí, àdúgbò tí agbo ilé náà wà. Lẹ́yìn náà ẹ sọ̀ kalẹ̀: aya tàbí ọkọ rẹ̀, gbogbo ọmọ rẹ̀, ọmọ àwọn ọmọ náà. Fún ọ̀pọ̀ ilé, ìyẹn ti tó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ àkọ́dé? Torí òun ló mọ ilé lọ́hùn-ún, òun náà ló sì mọ ilé níbí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Gangare lónìí, Hausa ló kọ́kọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó lè jẹ́ ìgbà ọdún tàbí ìgbà ìsìnkú nìkan ló ń fojú kan Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ bi í pé agbo ilé wo ni bàbá rẹ̀ ti wá, á ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ ni." Bẹ́ẹ̀, ìlú kọ́ lẹ bi í! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ ilé náà, ọwọ́ wo ni yóò fi júwe rẹ̀? Lójú tèmi, orúkọ agbo ilé kan yẹn wúlò fún ọmọ yín ju ogún orúkọ baba ńlá tí kò ní ìtàn lọ. Tó bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó dárúkọ agbo ilé, ọlọ́kadà á gbé e délé, àgbà kan á sì wà níbẹ̀ tó máa bi í pé, "Ọmọ ta ni ọ́ nínú wọn?"

Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Leonard Plotnicov wá ṣe ìwádìí nílùú Jos yìí, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1967 lórí àwọn tó ṣí wá síbí. Strangers to the City ló pè é. Kò kọ orúkọ gbogbo ará Jos. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ ló mú, láti inú ẹ̀yà oríṣiríṣi, ó sì jókòó tì wọ́n títí ó fi gbọ́ ìgbésí ayé wọn dé ìdí. Ẹni tó bá ka ìwé náà lónìí á rí bí àlejò ṣe ń gbé ní Jos nígbà yẹn. Bí mo ṣe fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ìdílé wa rí nìyẹn: ènìyàn díẹ̀ tí a mọ̀ dáadáa.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, mo ní gbogbo ọmọ àkọ́dé. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Gbogbo ọmọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọbìnrin ti lọ ilé ọkọ, pé ọmọ rẹ̀ ti di tẹlòmíràn, pé ká yọ wọ́n kí ìwé má baà pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn dín in kù. Ẹ wo ìdílé Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ọmọbìnrin rẹ̀, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ní ọdún 1864 tí Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù, ọdún náà ni Abigail bí Herbert Macaulay. Herbert Macaulay yìí ló bá òyìnbó wọ̀yá ìjà lórí ilẹ̀ Èkó, òun ló sì dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀ ní ọdún 1923. Bí ìdílé Crowther bá ní ọmọkùnrin nìkan làwọn á kọ, ibo ni Herbert Macaulay á wà? Kò ní sí níbẹ̀ rárá!

Àwọn ará Ṣáínà náà ti rí irú ẹ̀. Ìdílé Confucius, ọlọ́gbọ́n wọn àtijọ́, ti ń kọ ìran wọn sílẹ̀ láti ayébáyé, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ ọmọbìnrin sí i. Ìgbà tí wọ́n tún ìwé náà tẹ̀ ní ọdún 2009 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ obìnrin. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 2 nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń retí mílíọ̀nù méjì lọ́wọ́ wa ní Gangare, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ohun tí ẹ máa yọ kí ìwé lè kéré, ẹ wá ibòmíràn wò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká jókòó ti ìyá àgbà kan báyìí. Ọmọ ọmọ rẹ̀ gbé fóònù dání, ó ń tẹ orúkọ. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa ń lọ.

"Ìyá àgbà, kí lorúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó kú sí Bukuru?"

"Baba Aláṣọ ni."

"Orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ ni mò ń bi yín, ìyá."

"Ọmọ yìí, ọkọ mi ni wọ́n! Ìyàwó ilé wo ló ń pe ọkọ lórúkọ? Akọ̀wé lèmi ń pè wọ́n, torí wọ́n mọ̀wé."

Ṣé ẹ rí i? Bàbá kan ṣoṣo nìyẹn o. Ìyá tó bí i ń fi oríkì pè é, bóyá Àjàní, bóyá Àkànní. Mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní orúkọ tó ń pè é. Àwọn oníbàárà ní Baba Aláṣọ. Àwọn ìyàwó ilé ní Akọ̀wé. Bí ọmọ tó ń tẹ orúkọ kò bá fara balẹ̀, á sọ ẹnì kan di ẹni mẹ́rin. Àkọsílẹ̀ á gbòòrò lóòótọ́, àmọ́ òfìfo ni. Àwọn ìkànnì ńlá wọ̀nyẹn gan-an, iṣẹ́ tí kì í tán lọ́wọ́ wọn ni kí wọ́n máa wá orúkọ méjì tó jẹ́ ti ẹnì kan, kí wọ́n pa wọ́n pọ̀. Ti orúkọ ìdílé tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ìgbà tí a wọ ilé ìwé la tó fi orúkọ bàbá ṣe orúkọ ìdílé. Ẹ̀gbọ́n ń jẹ́ ọ̀kan, àbúrò ń jẹ́ òmíràn, ìyá kan náà ló bí wọn.

Bí a ṣe ń pe ara wa náà lè kó ọmọ sí wàhálà. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹni, bàbá là ń pè é. Ọmọ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wa ni. Nítorí náà, kí ọmọ má béèrè pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín ni?" Kó béèrè pé, "Ṣé ọmọ ìyá ni yín, àbí ọbàkan, àbí agbo ilé lẹ ti jọ pàdé?" Ti ọjọ́ ìbí ńkọ́? Àgbà tí kò mọ ọdún mọ ìṣẹ̀lẹ̀. "Ṣé wọ́n ti bí i nígbà tí a gba òmìnira? Ṣé ó ti ń rìn nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún?" Ọdún 1972 nìyẹn. "Ṣé ó ti wọ ilé ìwé nígbà tí owó náírà jáde?" Ọdún 1973 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó máa gba ọdún lẹ́nu wọn, ẹ ó sì gbọ́ ìtàn mọ́ ọn.

Ìbéèrè míràn rèé: àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àkọ́dé ńkọ́? Nínú agbo ilé kan náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnì kan wọ reluwé wá sí Jos, àbúrò rẹ̀ gba ọ̀nà Gánà lọ, ó dó sí Tamale. Yorùbá pọ̀ ní àríwá Gánà nígbà yẹn. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé fi ìlú sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn kan padà sílé lọ́wọ́ òfo, àwọn kan tún ṣí lọ síbòmíràn. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ wà ní Gangare lẹ máa kọ gbogbo ìyẹn? Èrò tèmi ni pé kí ẹ kọ orúkọ àbúrò náà, kí ẹ kọ ibi tó lọ, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ wá ọmọ rẹ̀ kan kàn, kí òun kọ ìyókù. Bákan náà ni ti àna: ẹ kọ orúkọ ẹni tí ọmọ yín fẹ́, ẹ kọ bàbá àti ìyá rẹ̀, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún ìdílé tó ni ín. Àyè tó ṣófo kì í ṣe ohun ìtìjú. Èyí tí a fi irọ́ dí ló ń tini lójú.

Ní báyìí, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ibí ló le jù. Àwọn tó wà láàyè ńkọ́? Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àkọsílẹ̀ àwọn tó ti lọ lè gbòòrò. Ti àwọn alààyè, ẹ jẹ́ kó kéré, ẹ sì jẹ́ kó fara sin.

Ìdí rẹ̀ ni pé olè wà. Bí báńkì bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, wọ́n máa ń béèrè orúkọ tí ìyá yín ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ. Wọ́n á béèrè ọjọ́ ìbí yín. Ṣé kì í ṣe ohun tí àkọsílẹ̀ ìdílé ń kọ nìyẹn? Ilé iṣẹ́ kan sì wà ní Amẹ́ríkà, 23andMe, tó ń fi itọ́ ẹnu bá ènìyàn wá ìbátan. Ní ọdún 2023, àwọn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì rí ọ̀nà wọ àkáǹtì bí ẹgbẹ̀rún 14 níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá péré o! Ṣùgbọ́n nítorí pé ìbátan so mọ́ ìbátan níbẹ̀, ìsọfúnni tí wọ́n kó lọ kan ènìyàn bíi mílíọ̀nù 6.9. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ṣẹ̀ sẹ́nì kan. Ọ̀dọ̀ ìbátan wọn ni olè gbà wọlé.

Ìdí kejì, ẹ̀yin ará Jos, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ọdún 2001. Ọdún 2008. Ọdún 2010. Ọdún tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ nílùú wa ni wọ́n. Mi ò ní tú egbò. A ti rí ọjọ́ tí wọ́n ń dá ènìyàn dúró lójú títì, tí wọ́n ń bi í pé ibo ló ti wá, ẹ̀sìn wo ló ń ṣe. Nínú ìdílé Yorùbá kan ṣoṣo, Mùsùlùmí wà, Kìrìsìtẹ́nì wà, wọ́n sì jọ ń jẹ ẹran iléyá, wọ́n jọ ń jẹ ìrẹsì Kérésì. Ohun iyì ni fún wa. Síbẹ̀, bí ẹ bá kọ orúkọ alààyè, ẹ kọ ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ kọ àdúgbò tó ń gbé, ẹ wá ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ẹ ò mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí. Nítorí náà: alààyè, orúkọ nìkan, ní ìkọ̀kọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ má kọ àdírẹ́sì. Ẹ má kọ nọ́ńbà fóònù. Ọmọ kékeré, ẹ má gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ó di ìgbà tó bá dàgbà tó fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀.

Ṣé mo wá ń lé yín sá fún íntánẹ́ẹ̀tì ni? Rárá o. Iná ọdún wọ̀nyẹn kan náà jó àpótí tí fọ́tò àwọn bàbá wà nínú rẹ̀, ó jó ìwé ìbí, ó jó ìwé ilẹ̀. Ilé tí ẹ̀dà rẹ̀ bá wà níbòmíràn ló rí nǹkan mú. Ẹ kọ ọ́, ẹ pa á mọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ èyí tó yẹ níta àti èyí tó yẹ nínú ilé.

Èyí tó yẹ nínú ilé pọ̀. Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ agbo ilé gba ẹni tí ogun lé, òmíràn mú ènìyàn lógun, òmíràn gba ìwọ̀fà. Ọmọ wọn di ọmọ ilé, wọ́n sin òkú ilé, wọ́n jẹ oyè ilé. Ẹni tó bá lọ kọ "àlejò" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kí ló ń wá? Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Ọ̀rọ̀ oyè náà tún wà ńbẹ̀: láti ìgbà tí òfin oyè ti wáyé ní Agbègbè Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1957, tí ìjọba ń kọ orúkọ àwọn ilé tó ń jọba sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ta ló bí ta ti ń dé kóòtù. Tí ilé yín bá ń du oyè tàbí ilẹ̀, kí àwọn àgbà ìdílé rí ohun tí ẹ kọ kó tó jáde.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kó jẹ́ ìwé méjì. Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ bá gbọ́ sí i, títí kan èyí tí àgbà méjì ń jiyàn lé lórí. Ẹ kọ ẹni tó sọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tó sọ ọ́. Ìwé yẹn lè tóbi bó bá ṣe wù ú. Èyí tó bá wá ní ẹlẹ́rìí nínú rẹ̀, òun ni kó gun orí íntánẹ́ẹ̀tì. FamilySearch wà, ti ìjọ Mọ́mọ́nì ni, ọ̀fẹ́ ni. Láti ọdún 1894 ni ìjọ náà ti ń kó ìran àwọn ènìyàn jọ, wọ́n sì ń rán ènìyàn lọ bá àwọn àgbà ní Gánà àti ní Nàìjíríà níbí láti gba ìtàn lẹ́nu wọn. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé jọ ń kọ síbẹ̀: ẹlòmíràn lè wọlé kó tún ti òkú yín kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í fi alààyè han gbogbo ènìyàn. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, Gramps wà, ọ̀fẹ́ lòun náà, inú kọ̀ǹpútà yín ló ń gbé.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé tiyín ti gbòòrò jù? Ẹ na ìka sí orúkọ kan ṣoṣo lójú fóònù yẹn, kí ẹ béèrè pé, "Ta ló sọ èyí fún wa?" Bí ẹnì kan bá ní, "Bàbá Ọ̀fà ló sọ ọ́, ìyá wọn ló gbé èmi náà pọ̀n," ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìkànnì ló dábàá rẹ̀ pé àwọn rí ẹnì kan tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí kò sì sẹ́nì kan nínú ilé tó mọ̀ ọ́n, ẹ yọ ọ́. Mo ṣèlérí pé n ó tún un sọ: kí ó má kọjá ibi tí ẹlẹ́rìí wà.

Ó ku ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kan ṣoṣo mọ password. Kí ẹni méjì mọ̀ ọ́n, ẹnì kan ní Gangare níbí, ẹnì kan nílé lọ́hùn-ún. Mo rọ̀ yín pé kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, torí àwọn ìyá ló mọ ọjọ́ ìkómọ, àwọn ló sì mọ ọmọ tó kú kó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ìsìnkú tàbí ìyàwó bá kó ìdílé jọ, kí ẹnì kan ka ìwé náà sókè, kí ẹni tó bá gbọ́ àṣìṣe là á mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Bí àgbà kan bá ṣì wà nínú ilé yín lálẹ́ òní, kí wọ́n tó sùn, ẹ bi wọ́n ní méjì: kí lorúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dé Jos nínú wa, agbo ilé wo ló sì ti gbéra? Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ, kí ẹ sì kọ pé àwọn ló sọ ọ́.